Kí Ni Igbá Ń Wá Lórí Ọlọ́kadà?

Lọ́sẹ̀ tí mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere mi, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ nítòsí Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, láti ra àṣíborí. Ó kó wọn sínú àpò ńlá kan: dúdú, pupa, èyí tí wọ́n ya iná sí lára, àtàwọn kéékèèké tó jẹ́ ti ọmọdé. Mo mú pupa kan. Ó mọ́, ó ń dán. Àmọ́ nígbà tí mo yí i padà, mo rí i pé fóòmù funfun inú rẹ̀ ti sán láti ọ̀tún dé òsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bí òwú. Mo fi han ọkùnrin náà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá mi, inú nìyẹn wà jàre. Ta ló fẹ́ rí i?"

Mo dá a padà sínú àpò, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé mi délé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ wa ló ń kọ ètò tí àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ń lò lórí fóònù wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, ibi tí ojú oníbàárà kì í dé ni wàhálà máa ń sá pamọ́ sí. Mo wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. Mo fẹ́ mọ bí àṣíborí ṣe dé orí wa, àti ìdí tó fi jẹ́ pé bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀rín ló máa ń pa wá.

Ọdún 2009

Bí ẹ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún bíi tèmi, ẹ ó rántí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin pé ọlọ́kadà àti ẹni tó gbé sẹ́yìn gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Osita Chidoka ni ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí BBC fi gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ti ń mú àwọn ọlọ́kadà ní Kánò. Kí ni wọ́n ṣe? Igbá ni wọ́n dé! Wọ́n gbé igbá gbígbẹ kalẹ̀ sórí, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn míì dé ìkòkò ìdáná. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gba ọ̀kadà wọn, wọ́n ní àwọn máa gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Fọ́tò wọn lọ káàkiri ayé.

Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni, mo rò pé mo ti gbọ́n. Ní báyìí tí mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí a tó gbé ètò kankan síta, a máa ń kọ ìdánwò fún un. Ìdánwò tó dáa á bi ètò náà pé: ṣé o ṣe iṣẹ́ tí mo rán ẹ? Ìdánwò ọ̀lẹ á kàn bi í pé: ṣé o wà níbẹ̀? Ètò tó ti bàjẹ́ pátápátá náà á dáhùn pé, "Mo wà níbẹ̀, sà." Gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó pé, oníkálukú á lọ sílé, tó bá di òru, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bí ọlọ́kadà ṣe gbọ́ òfin 2009 nìyẹn. Ohun tó gbọ́ ni pé: ṣé nǹkan wà lórí ẹ? Igbá sì dáhùn pé, bẹ́ẹ̀ ni. Lóòótọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò gba igbá, torí pé ojú ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín Mile 2 sí Wharf, mo fojú ara mi rí àṣíborí oníke lásán tí kò ní fóòmù kankan nínú, mo rí fìlà líle àwọn kọ́lékọ́lé, mo rí èyí tí okùn rẹ̀ ti já tí wọ́n fi okùn bàtà so. Gbogbo wọn ń kọjá lójú títì ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti igbá? Ọ̀dà. Ọ̀dà nìkan.

Òfin náà kì í ṣe tuntun

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwé tí mo kà ni pé 2009 kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dún 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ S. E. Asogwa tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Accident Analysis and Prevention. Ó fi ìgbà tí òfin àṣíborí kò tíì sí ní Nàìjíríà wé ìgbà tó dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: 1980! Òfin ti wà kí wọ́n tó bí mi. A ti ṣe é, a ti gbàgbé rẹ̀, a wá tún un ṣe bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú àlá.

Ní ìwọ̀ oòrùn wa níbí, ní 1977, Wọlé Ṣóyínká àtàwọn èèyàn kan dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, torí pé ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel tó tún dúró lójú títì láti dá awakọ̀ dúró, mi ò rò pé wọ́n pọ̀ láyé.

Ibo ni ọ̀rọ̀ àṣíborí fúnra rẹ̀ ti wá? Ó di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1935. T. E. Lawrence, sójà tí àwọn Òyìnbó sọ di akọni nítorí ogun ilẹ̀ Lárúbáwá, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ yẹra fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ṣubú, ó fi orí gbalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó kú. Hugh Cairns, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Ikú yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkọsílẹ̀ àwọn sójà tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1941: àṣíborí ń gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, ọdún 1973 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọlọ́kadà wọn. Láti ọjọ́ tí Lawrence kú dé ọjọ́ yẹn jẹ́ ọdún méjìdínlógójì. Torí náà, kì í ṣe àwa nìkan la máa ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ orí

Nínú ìròyìn 2009 kan náà, wọ́n ní àwọn èrò ọ̀kadà ń kọ̀ láti dé àṣíborí. Àwọn kan ń bẹ̀rù àrùn ara. Àwọn kan ń bẹ̀rù oògùn: bí o bá dé e, o lè pòórá, tàbí kí wọ́n fi gba ògo rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Èmi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́, ní èdè wa, orí kì í ṣe egungun lásán. Bí a bá ní "orí mi má jẹ̀ẹ́", egungun kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn baba ńlá wa kọ́lé fún un pàápàá: ilé orí, tí wọ́n fi awọ ṣe, tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára yíká, tí wọ́n sì ń gbé ìbọrí sínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ pé kí a bo orí, kí a dáàbò bò ó, kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Ohun tó ṣàjèjì ni pé kí n mú ohun tí orí ogún èèyàn ti wọ̀ láàárọ̀ yìí, kí n fi dé tèmi, láìmọ ẹni tó dé e kẹ́yìn.

Ìyá mi rí ọgbọ́n dá sí i. Ní gbogbo ìgbà tó ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, ó máa ń mú ìborùn kékeré kan sínú báàgì. Á kọ́kọ́ fi wé orí, á wá dé àṣíborí lé e. Àrùn ò kàn án, ẹ̀rù sì dín kù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ìjọba tó fẹ́ fi òfin múni ì bá ti sọ irú ìyẹn lórí rédíò.

Òyìnbó náà bá irú rẹ̀ pàdé. Nígbà tí òfin wọn dé ní 1973, àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní àwọn ò lè ṣí láwàní kúrò lórí torí àṣíborí. Wọ́n jà á títí di 1976 tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi yọ̀ǹda fún wọn. Níbi gbogbo láyé, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan orí èèyàn ní láti kọ́kọ́ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe dé Tin Can

Ẹ lè máa bi mí pé, kí ló kan Tin Can nínú èyí? Ó kàn án gan-an ni.

Ní nǹkan bí 1974 sí 1975, owó epo pọ̀, ìjọba Gowon ra símẹ́ńtì lókè òkun tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún kan. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sórí òkun, wọ́n ń dúró, símẹ́ńtì ń le nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ èbúté Tin Can kíákíá, tí wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹwàá 1977. Èbúté tí wọ́n kọ́ láti fòpin sí títò orí omi ló wá di ibi tí títò orí ilẹ̀ ti gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tírélà àti táńkà fi tò láti ẹnu ọ̀nà èbúté dé Mile 2, títí dé ọ̀nà Òṣòdì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté, NPA, gbé ètò orí ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí á máa pe tírélà wọlé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Kí ni wọ́n sọ ọ́? Ètò. Inú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dùn sí orúkọ yẹn, ká sọ tòótọ́.

Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kí ló ń gbé òṣìṣẹ́ wọ Apapa? Ọ̀kadà ni. Òun nìkan ló lè gba àárín tírélà méjì kọjá. Bẹ́ẹ̀, orúkọ yẹn gan-an, ọkọ̀ òfuurufú ló ni ín: Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Àwa la fi orúkọ ohun tó ń fò lókè pe ohun tó ń sáré nílẹ̀.

Ìjọba Èkó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀kadà. Òfin 2012 lé e kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, wọ́n tún lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, wọ́n lé e pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Apapa sì wà lára wọn. Àjẹ́gúnlẹ̀, tó wà ní Ajeromi-Ifelodun, kò sí nínú mẹ́fà yẹn. Mi ò sọ pé ọ̀kadà ò pa èèyàn. Ó pa wọ́n, mo mọ lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ọ̀kadà ṣe kúrò ní Apapa, àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan ń dúró de bọ́ọ̀sì. Èmi ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀, tó gba Tin Can yẹn kan náà wọlé. Inú irú kọntéńà tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá náà ni àwọn àṣíborí tòkunbọ̀ ti ń wá. Èyí tó sán tí mo rí ní Boundary yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti gba orí ẹnì kan là rí nílùú Òyìnbó. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Òkú àṣíborí ni wọ́n kó wá fún wa.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ wo fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Irú rẹ̀ ni ọkàn àṣíborí. Ike tó ń dán lóde yẹn, aṣọ lásán ni. Ọpọlọ wà nínú agbárí bí ẹyin ṣe wà nínú agolo. Bí agolo bá já bọ́ tó sì dúró gbọ̀ngán, ẹyin inú rẹ̀ á fọ́ bí agolo ò tiẹ̀ fọ́. Iṣẹ́ fóòmù ni pé kí ó rún, kí dídúró yẹn má ṣe jẹ́ gbọ̀ngán mọ́. Ó ń fi ara tirẹ̀ ra àkókò díẹ̀ fún ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí àṣíborí tó ti gba ẹ̀ṣẹ́ gidi lẹ́ẹ̀kan kò fi wúlò mọ́, bó tilẹ̀ ń dán. Ìdí nìyẹn náà tí igbá, bó ti wù kó le tó, kò fi lè ṣe é: igbá á fọ́, ṣùgbọ́n kò ní rún.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ́ kí wọ́n tó ní tiwọn. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Bell l'Ámẹ́ríkà gbé Bell Biker jáde, àṣíborí olóde líle tí fóòmù yìí wà nínú rẹ̀. Ní 2003, Andrey Kivilev, ọmọ ilẹ̀ Kazakhstan, ṣubú nínú ìdíje Paris–Nice láìdé àṣíborí, ó sì kú. Ọdún yẹn gan-an ni àjọ UCI sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje.

Ìdánwò wọn sì ni irú èyí tí mo fẹ́ràn. L'Ámẹ́ríkà, wọ́n á fi orí irin sínú àṣíborí, wọ́n á jẹ́ kí ó já bọ́ láti òkè tó tó mítà 2 sórí irin pẹrẹsẹ. Bí agbára tó dé inú orí irin bá ju 300 ìlọ́po agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan, ó kùnà. Ní Yúróòpù, 250 ni wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọn ò bi í pé ṣé o wà níbẹ̀. Wọ́n bi í pé, kí lo ṣe fún orí?

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ yí i padà kí ẹ wá EN 1078 tàbí CPSC nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọ̀kadà, ECE 22.05 tàbí 22.06 ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe èkejì, torí eré wọn ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n sítíkà ò ṣòroó tẹ̀ o. Ẹ wo inú: ṣé fóòmù wà, ṣé ó nípọn, ṣé kò sán, ṣé ibì kankan ò tẹ̀ wọnú? Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ dé e láìso okùn, kí ẹ mi orí. Bó bá ń yí kiri, kì í ṣe tiyín. Kí iwájú rẹ̀ má ju ìka méjì lọ sókè ìpéǹpéjú. Bí ẹ bá so okùn, kí ó pàdé lábẹ́ etí bíi lẹ́tà V, kí ìka kan tàbí méjì ṣì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n. Èyí tó bá bá orí yín mu tó sì yege ìdánwò ló dáa jù, kì í ṣe èyí tó wọ́n jù.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lọ́dún 2008, Bette Liu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 61 jọ lórí àwọn tó ń gun alùpùpù. Wọ́n rí i pé àṣíborí ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín orí fífarapa kù ní ìdá 69. Kò sọ pé kò sí ikú mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2023, kọntéńà já bọ́ lu bọ́ọ̀sì l'Ójúẹlẹ́gba, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Kò sí àṣíborí tó lè gbé kọntéńà. Bí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà ní Creek Road, mo mọ̀ pé ohun tó wà lórí mi ò lè dípò ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, tàbí tírélà tí wọ́n de ẹrù rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Tèmi ni orí mi.

Mo ra àṣíborí mi ní ṣọ́ọ̀bù kẹta tí mo dé. Tuntun ni, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó kẹ̀kẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ti pupa yẹn. Èmi ni mo rí i pé ó sán, èmi náà ni mo dá a padà sínú àpò bí ẹni pé kò kàn mí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ sí Boundary. Mo fẹ́ san owó rẹ̀, kí n fẹsẹ̀ fọ́ ọ níwájú ọkùnrin náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa dé e mọ́.

Ọkùnrin náà rántí mi. Ó da àpò náà sílẹ̀ fún mi. A wá a títí, a ò rí i.

Ó ní, "Pupa yẹn? Wọ́n ti rà á o. Bọ̀dá kan ló rà á fún ọmọ ẹ̀."